Golf dísù tó ń rọ lójú ọ̀nà: ẹ má tíì yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀

Ìyá kan tó ń ṣòwò kájú ní Ogbómọ̀ṣọ́ ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Golf 4 Wagon dísù ni mo ní, TDI ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, ó ti pé ọdún méjì tí a ti rà á. Láti bí oṣù mẹ́ta báyìí, bí mo bá di kájú sí i tí mo forí lé ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí mo wá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ tàbí tí mo ń gun òkè, ọkọ̀ á kàn rọ wọ̀ọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí mo tẹ tọ́rótù kanlẹ̀, kò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró, tí mo pa á, tí mo tún tan án, á tún máa sáré bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é, ó di òkè mìíràn. Èéfín dúdú ń jáde nídìí rẹ̀. Iná kan tó dà bíi wáyà tí wọ́n ká sì máa ń ṣẹ́jú ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Rìwáyà ní hítà púlọ́ọ̀gì ni, ó pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná ò kú. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnì ti rẹ̀, kí n ra ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù kí òun gbé e sí i. Ẹlòmíràn ní kí n jẹ́ kí òun yọ tọ́bò dànù. Owó kájú ọdún yìí ni mo fẹ́ fi ṣe é, mi ò sì fẹ́ ná an lẹ́ẹ̀mejì. Èwo ni kí n ṣe?”

Ìyá mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ owó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, títí a ó fi rí ojútùú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi ọkọ̀ yìí ya tírélà kankan sílẹ̀ mọ́. Ọ̀nà àtijọ́ tó gba Ọ̀yọ́ wá sí Ogbómọ̀ṣọ́, gbogbo wa la mọ bí ó ṣe rí. Ọkọ̀ tó bá rọ nígbà tí èèyàn ti bọ́ sí apá kejì títì, tí tírélà mìíràn sì ń bọ̀ níwájú, kò sí ibi tí onítọ̀hún fẹ́ sá sí. Ẹ máa tọ tírélà lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó pẹ́ yín lọ́nà.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín ni pé kí ẹ má yọ ẹ́ńjìnì, kí ẹ má sì yọ tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti mú ẹ̀rí wá láìmọ̀, níbi tí ẹ ti ní bí ẹ bá pa á tí ẹ tún tan án, agbára rẹ̀ á padà. Ẹ́ńjìnì tí ríǹgì rẹ̀ ti jẹ, tàbí tí fáàfù rẹ̀ ti jó, yíyí kọ́kọ́rọ́ ò lè wò ó sàn. Bí ó ṣe rọ lórí òkè ni yóò ṣe rọ ní títẹ́jú, bí ó ṣe rọ lánàá ni yóò ṣe rọ lónìí. Èyí tó bá ń rọ tó tún ń jí, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ló ń fà á sẹ́yìn. Brain box yín ní ojú kan lára páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, ìyẹn ló fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì ṣe le tó. Bí afẹ́fẹ́ bá le ju iye tó béèrè lọ, tàbí tí kò tó o, á gbà pé nǹkan ti bàjẹ́, á dín dísù kù, á sì tú tọ́bò sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnì má bàa fọ́. Ẹ ṣì lè rọra wà á délé, ṣùgbọ́n eré ti tán. Nígbà tí ẹ bá tún un tàn, á gbìyànjú látọ̀tun, títí tí ohun kan náà yóò tún fi kò ó lójú. Èémí ló ń da ọkọ̀ yín láàmú. Ibi tí èémí yẹn ti ń dí, tàbí ibi tó ti ń jò, la máa wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹ́ńjìnì tó jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì ń tọ́jú rẹ̀ bíi ti Mercedes 200 dísù àtijọ́, wọn kò sì jọra. Èyí tí mo sábà ń bá nínú Golf 4 Wagon dísù ní ìlú wa ni èyí tí Volkswagen fún ní lẹ́tà mẹ́ta, ALH. Ẹ ṣí búùtù, ẹ gbé táyà àpòjù sókè, ẹ óò rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Lẹ́tà náà yóò wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà mìíràn lẹ rí, ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kí ó tó ra páàtì. ALH yìí jẹ́ 1.9, ìyẹn 1,896 cc, oní-písítọ́ọ̀nù mẹ́rin. Agbára ẹṣin 90 ló ní, kò sì ní láti sáré kó tó yọ ọ́: láti nǹkan bí 1,900 lórí aago eré ẹ́ńjìnì ni ipá tó fi ń fa ẹrù ti pé, ìyẹn 210 Nm. Ìdí nìyẹn tí Golf kékeré fi lè ru àpò kájú gun òkè ní gíà kẹrin láìpariwo. Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ní Yúróòpù, nǹkan bíi lítà 5 ló ń mu nínú kìlómítà 100. Lójú ọ̀nà tiwa, pẹ̀lú ẹrù, yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n táńkì rẹ̀ tó gba lítà 55 ṣì ń gbé èèyàn jìnnà. Ẹ rántí èyí nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé kí ẹ fi bẹntiróòlù rọ́pò rẹ̀.

Ẹ́ńjìnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítọ́ọ̀nù ń fún pọ̀. Ní ti ALH, afẹ́fẹ́ tó kún inú sílíńdà ni wọ́n ń fún títí tí yóò fi kù bí ìdá kan nínú ogún, á sì gbóná débi pé bí nọ́sù, ìyẹn ẹnu tín-ín-rín tó ń tu dísù, bá tu dísù sí i, dísù náà á gbiná fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni dísù tí yóò lè jóná tán ṣe máa pọ̀ tó. Tọ́bò ló ń bá a kó afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé: èéfín tó ń jáde lọ ń yí abẹ̀bẹ̀ kan, abẹ̀bẹ̀ yẹn ń yí ìkejì tó ń ti afẹ́fẹ́ tútù wọlé, àwọn méjèèjì sì ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan bí ẹ bá tẹ tọ́rótù dáadáa. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ lára ọkọ̀ yín ni pé àwọn ewé irin kéékèèké yí abẹ̀bẹ̀ èéfín yẹn ká, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń padé. Bí ẹ bá ń rọra lọ, wọ́n á padé kí èéfín díẹ̀ lè yí abẹ̀bẹ̀ kíákíá. Bí ẹ bá ń sáré, wọ́n á ṣí kí afẹ́fẹ́ má bàa pọ̀ jù. Àwọn ewé yìí ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí nígbà tí mo ka ìwé yín.

Ẹ wò ó báyìí. Kájú máa ń so láti nǹkan bí oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún. Àwọn oṣù tó kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Tákíé sí Sábó, Sábó sí ọjà, lẹ ń fi ọkọ̀ yìí rìn, ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ́ńjìnì ò ní gbóná dáadáa kí ẹ tó pa á. Nígbà yẹn ni dúdú èéfín, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ìdáná, á máa lẹ̀ mọ́ ara àwọn ewé irin yẹn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń padé, wọn ò ṣí tán mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá di ẹrù sí i tí ẹ tẹ tọ́rótù, èéfín rọ́ wọlé pẹ̀lú agbára, ewé kọ̀ láti ṣí, afẹ́fẹ́ le ju bó ṣe yẹ lọ, brain box sì fà á sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orí òkè àti ẹ̀yìn tírélà ló máa ń rọ sí, tí kì í rọ níwájú ilé yín.

Ọ̀rọ̀ iná tó ń ṣẹ́jú yẹn dùn mí, nítorí owó yín tó ti lọ sí i. Òótọ́ ni pé iná hítà púlọ́ọ̀gì ni. Bí ó bá tàn nígbà tí ẹ kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ tó sì kú, iṣẹ́ hítà púlọ́ọ̀gì ló ń ṣe, ìyẹn láti mú inú ẹ́ńjìnì gbóná ní ìlú òtútù. Bí ẹ bá ti ń wakọ̀ lọ tó wá ń ṣẹ́jú, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀: brain box ló ń sọ pé òun ti kọ àṣìṣe kan sílẹ̀, kí ẹnì kan wá kà á. Hítà púlọ́ọ̀gì kì í tilẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ yìí bí omi ẹ́ńjìnì bá ti gbóná ju díńgírì 9 lọ. Àní nínú ọyẹ́ tó le jù ní Ogbómọ̀ṣọ́, ìgbà wo ni omi inú ẹ́ńjìnì tutù tó bẹ́ẹ̀? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ì báà ti kú, ọkọ̀ yín ì bá ṣì máa tàn láràárọ̀. Ohun mìíràn tó tún máa ń mú iná yẹn ṣẹ́jú ni suwíìṣì kékeré tó wà lókè bíréèkì, èyí tó ń tan iná ẹ̀yìn. Tí ó bá bàjẹ́, brain box ò ní mọ̀ bóyá ẹ ń tẹ bíréèkì ni tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ tẹ bíréèkì, kó wò bóyá iná ẹ̀yìn ń tàn tó sì ń kú bó ṣe yẹ. Kò gba kọ́bọ̀.

Èéfín dúdú náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín. Èéfín aláwọ̀ aró, tó ń rùn bí ọ́ìlì jíjó, ni èéfín ríǹgì tàbí sáàfù tọ́bò tó ti jẹ. Èéfín funfun tó ń ta ojú, dísù tí kò jóná ni. Bí funfun náà bá nípọn tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù, gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ máa fura sí. Dúdú ní tirẹ̀ ń sọ ohun kan ṣoṣo: dísù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó tún padà sórí èémí.

Bí a ṣe máa wá a nìyí, láti orí ohun tó rọrùn jù, kí owó yín má bàa kọ́kọ́ lọ sí ibi tí kò yẹ. Kí wọ́n sikáànù rẹ̀ ná, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè Volkswagen, kì í ṣe èyí tó ń ka iná ẹ́ńjìnì nìkan. Bí ó bá gbé 17965 jáde, tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń kọ ní P1557, afẹ́fẹ́ ló le jù, ewé tọ́bò lẹ máa wò. Bí ó bá jẹ́ 17964, P1556, afẹ́fẹ́ ni kò tó, hóòsì tó ń jò lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ní ti hóòsì, kí wọ́n fọwọ́ tẹ gbogbo róbà ńlá láti ara tọ́bò lọ sí intercooler, tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù, títí dé ẹ́ńjìnì. Èyí tó bá ya, ọ́ìlì dúdú á ti yọ síbẹ̀, eruku á sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sinmi ẹ ò ní rí i, ó dìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀ kí ó tó ya ẹnu. Lẹ́yìn náà, àwọn róbà fákúọ̀mù tín-ín-rín, tó ń ti ara pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ lọ sí ara tọ́bò. Oòrùn tiwa àti ooru ẹ́ńjìnì máa ń mú wọn gbẹ, wọ́n á sán bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Owó díẹ̀ lẹ fi ń ra mítà kan, mo sì ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ ra tọ́bò fún, tó jẹ́ pé róbà ìka méjì ló ya.

Lára tọ́bò, agolo kékeré kan wà tó ní ọ̀pá irin tín-ín-rín. Èyí ni kí ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín lójú ara yín. Kí ẹnì kan tan ọkọ̀, kí ẹlòmíràn tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀pá náà. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe tàn, ọ̀pá gbọ́dọ̀ fà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá pa á, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́ láìdúró lójú ọ̀nà. Èyí tó bá dúró ní àárín, tàbí tó ń fò tọ́n-ìn tọ́n-ìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn, ewé inú rẹ̀ ti lẹ̀. Tí kò bá gbéra rárá, róbà tàbí agolo náà ló jò.

Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni ojú afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn fíltà, tí a ń pè ní MAF. Nígbà tó bá ń kú, ó ń parọ́ fún brain box pé afẹ́fẹ́ tó wọlé kéré, brain box á sì dín dísù kù. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rọ lójijì, ó kàn máa ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì ń jí tí wọ́n bá tún un tàn. Torí náà, kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ fura sí lára tiyín. Èkejì rẹ̀ ni páìpù ńlá tó ń pín afẹ́fẹ́ sí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fáàfù kan tí wọ́n ń pè ní EGR máa ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú páìpù yìí, ooru ọ́ìlì sì ń bá ibòmíràn wọ inú rẹ̀. Èéfín àti ọ́ìlì á pò pọ̀, á di nǹkan dúdú tó nípọn bí ọ̀dà. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, tíṣà kan gbé irú Golf yìí wá bá mi, wọ́n ti ní kó lọ ra ẹ́ńjìnì. Nígbà tí mo tú páìpù yìí, ihò tó yẹ kó gba àtàǹpàkò mẹ́ta kò gba ju ìka ìlábẹ̀ mi lọ. Mo fi ìka náà há ògiri rẹ̀, ó wọlé tó ìdajì èékánná mi. Odidi ọ̀sán ni ọmọ iṣẹ́ mi fi há a, ó rẹ ẹ́ sínú dísù, ó tún fi abẹ́ há a. A fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dè é padà. Ẹ́ńjìnì kan náà ni tíṣà yẹn ń wà títí di òní.

Bí ó bá wá hàn pé ewé tọ́bò ló lẹ̀, kí wọ́n sọ tọ́bò kalẹ̀, kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ ibi tí èéfín ń gbà, kí wọ́n fọ àwọn ewé náà títí wọn yóò fi máa yí pẹ̀lú ìka ọwọ́ kan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ nìkan ni kó ṣe é, torí nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lára agolo tó ń sọ ibi tí ewé máa padé dé. Bí wọ́n bá yí i láìmọ̀, ọkọ̀ ò ní bọ̀ sípò mọ́. Kí wọ́n tún mi sáàfù abẹ̀bẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì. Mímì díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí etí abẹ̀bẹ̀ bá ti ń ha ilé rẹ̀, tọ́bò yẹn ti lọ, ẹ ó ra òmíràn. Tòkunbọ̀ láti Ládípò lè dára, ó sì lè kú lọ́sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tó lè búra fún yín. Ẹ má san owó rẹ̀ tán kí ẹ tó rí i pé sáàfù rẹ̀ ò mì, ewé rẹ̀ ń yí, kò sì sí ọ́ìlì nínú ihò rẹ̀.

Ẹni tó ní kí ẹ yọ tọ́bò dànù, ó ṣeé ṣe kó ti rí ọkọ̀ dísù tí kò ní tọ́bò tó ń rìn dáadáa. Volkswagen fúnra wọn ṣe ọ̀kan fún Golf 4, SDI ni wọ́n ń pè é, 1.9 kan náà, agbára ẹṣin 68. Àmọ́ ohun tó fi ń mí láìsí tọ́bò, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti tò ó bẹ́ẹ̀, tí brain box rẹ̀ sì mọ̀. Bí ẹ bá yọ tọ́bò tiyín, brain box yín á máa retí afẹ́fẹ́ tí kò ní dé mọ́, ohun tí ẹ sì sá fún, rírọ àti èéfín, ni ẹ ó máa bá kiri títí ayé, pẹ̀lú àpò kájú lẹ́yìn.

Ní ti fífi ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù rọ́pò, àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kì í ṣe ẹ́ńjìnì nìkan ni ẹ ó rà: wáyà, brain box, pọ́ǹpù inú táńkì, sàléńsà, gíà pàápàá, gbogbo rẹ̀ ló yàtọ̀. Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé kò sí ìgbà tó tọ́. Kí wọ́n wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnì yìí, tó bá ṣì le, máa ń wà láàárín báà (bar) 25 sí 31. 19 ni òpin rẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín sílíńdà kan àti èkejì kò sì gbọ́dọ̀ ju 5 lọ. Bí tiyín bá ti wà nísàlẹ̀ 19, mẹkáníìkì yín jàre, ẹ́ńjìnì ti rẹ̀, bí ẹ sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, mo ṣì máa ní kí ẹ fi ALH mìíràn sí i. Owó dísù náà wà níbẹ̀, mi ò lè fi pamọ́: ní 2022, lítà rẹ̀ kọjá ₦700 nígbà tí bẹntiróòlù ò tíì tó ₦200. Ẹni tó jẹ́ àárín ìlú nìkan ló ń rìn, tí kì í ru ẹrù, bẹntiróòlù sàn fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù rin ọ̀nà jíjìn, dísù ṣì ni ọkọ̀ yín.

Ibi tí dúdú èéfín yẹn ti ń wá lẹ gbọ́dọ̀ wò pẹ̀lú, kí ẹ má bàa tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ibo lẹ ti ń ra dísù? Àwọn kan ń ra ti inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn mìíràn ń lú kẹrosíìnì mọ́ ọn nítorí pé ó dínwó. Pọ́ǹpù dísù inú ọkọ̀ yín kò ní ọ́ìlì mìíràn tó ń jẹ́ kí irin inú rẹ̀ máa yọ̀. Dísù tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ni ọ́ìlì rẹ̀. Kẹrosíìnì fẹ́lẹ́, irin á máa ha irin. Omi inú dísù tún burú jù ú lọ, ìpẹtà ló ń mú wá. Nísàlẹ̀ fíltà dísù, nọ́ọ̀tì kékeré kan wà. Kí ẹ máa tú u lóṣooṣù, kí ẹ gba nǹkan bí ago kan sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Bí omi bá wà, á lọ sísàlẹ̀, ẹ ó rí ìlà láàárín òun àti dísù. Ẹ máa pààrọ̀ fíltà náà ní gbogbo kìlómítà 10,000, ẹ má sì jẹ́ kí táńkì gbẹ dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí wà. Páìpù funfun tí a ń rí inú rẹ̀ wà láàárín fíltà àti pọ́ǹpù: bí ìfófòó ńlá bá ń sá lọ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó sì máa ń jẹ́ róbà roboto kékeré orí fíltà ló jẹ.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, lítà mẹ́rin àbọ̀ ló ń gbà pẹ̀lú fíltà. 5W-40 tí wọ́n kọ VW 505.00 sí lára ike rẹ̀ ni kí ẹ rà. Ní Yúróòpù wọ́n máa ń jẹ́ kó pẹ́, ṣùgbọ́n dísù tiwọn kò ní ju imí-ọjọ́ ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ láti 2009, eruku ọyẹ́ kò sì sí níbẹ̀. Imí-ọjọ́ tó bá jó ń di ásíìdì nínú ọ́ìlì. Kìlómítà 5,000 ni mo ń fún àwọn oníbàárà mi, fíltà afẹ́fẹ́ sì ni mo ń ṣí wò lóṣooṣù láti oṣù kejìlá títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Tí ẹ bá gun òkè pẹ̀lú ẹrù dé, ẹ má pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ọ́ìlì lè mú ooru kúrò lára sáàfù tọ́bò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti yọ tẹmọsítáàtì rẹ̀ kúrò nítorí kó má bàa gbóná, kí wọ́n dá a padà. Ẹ́ńjìnì dísù tó ń ṣiṣẹ́ ní tútù, kì í jó dísù rẹ̀ tán, á sì tún máa pèsè dúdú èéfín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ há kúrò.

Mi ò tíì rí ọkọ̀ yín, ìwé yín nìkan ni mo kà. Tí ohun tí sikáànù bá sọ bá yàtọ̀ sí tèmi, ti sikáànù ni kí ẹ tẹ̀lé. Inú pọ́ǹpù dísù náà, èmi kì í ṣí i; àwọn tó ń kálíbrétì pọ́ǹpù àti nọ́sù, tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀, ni mo ń gbé e lọ bá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u lábẹ́ igi.

Ohun kan wà tí ẹ ò béèrè, òun ló sì ń já mi láyà jù. Ẹ ò sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímíǹgì. Nínú ẹ́ńjìnì yìí, bí bẹ́líìtì yẹn bá já, písítọ́ọ̀nù á lu fáàfù, á tẹ̀ wọ́n, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì tuntun yóò wá di òótọ́. Bí ẹni tó tà á fún yín kò fún yín ní ìwé kankan, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Kí ẹ ṣe é kí kájú ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, pẹ̀lú àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń fà á le àti pọ́ǹpù omi, nítorí bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ǹpù omi. Kí ẹni tó máa ṣe é ní irin tí wọ́n fi ń di sáàfù òkè àti pọ́ǹpù dísù mú, kì í ṣe kó fi ọ̀dà funfun sàmì lásán. Lẹ́yìn náà, kí ó fi sikáànù wo bóyá àsìkò pọ́ǹpù tọ́. Tí ó bá tán, kí ó kọ ọjọ́ náà àti iye kìlómítà tó wà lórí aago sára ìdérí bẹ́líìtì. Tí aago bá ti fi 60,000 kún un, tàbí tí ọdún mẹ́rin bá pé, kí ẹ tún gbé e wá.